Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, líìgì kékeré pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìròyìn kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thierry Darlan, ọmọ orílẹ̀-èdè Central African Republic, tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àjọ NBA dá sílẹ̀ ní Senegal, kéde pé òun ń lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Santa Clara ní ìpínlẹ̀ California. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì ni pé Darlan kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Sáà méjì ló ti fi gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ní G League, ìyẹn líìgì kékeré tó wà lábẹ́ NBA. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, London Johnson, tí òun náà ti gbowó ní líìgì kan náà, kéde pé Yunifásítì Louisville lòun ń lọ.

Láyé àtijọ́, irú èyí kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹni tó bá ti gbowó nídìí bọ́ọ̀lù, yunifásítì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó sì ti tó ogún ọdún báyìí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀dọ́ lè gbà dé ọjà NBA láì gba ẹnu-ọ̀nà yunifásítì kọjá. Wọ́n la ọ̀nà náà, wọ́n náwó sí i, àwọn ọmọ kan sì gba ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kí ló wá dé tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà yìí fi ń ṣẹ́rí padà? Ìbéèrè yìí kan àwa náà nílé, nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ga, tí ẹsẹ̀ wọn yá, kò yé fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ lọ sí òkè òkun nítorí bọ́ọ̀lù yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí àwa mọ̀ jù ni èyí tí Hakeem Ọlájuwọ́n gbà. Láti Muslim Teachers' College nílùú Èkó ló ti lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980. Yunifásítì náà kò san owó oṣù fún un. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ibùgbé ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tó di ọdún 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú ìṣàyàn NBA, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Michael Jordan gan-an, ipò kẹta ni wọ́n ti mú un lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ Houston Rockets tó mú Ọlájuwọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti 1995.

Ọ̀nà yìí so èso rere fún ọmọ Èkó náà, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tí gbogbo ayé rí. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, ń pa owó tó pọ̀ lórí àwọn ọmọ tí wọ́n sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbowó. Ní ọdún 2016, àjọ náà fi ọdún 8 kún àdéhùn tó ní pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán CBS àti Turner lórí ìdíje ńlá tó máa ń wáyé ní oṣù Kẹta ọdọọdún. Owó àfikún yẹn nìkan jẹ́ bílíọ̀nù 8.8 dọ́là. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ńláńlá ń gba mílíọ̀nù lọ́dún. Ọmọ tí àwọn èèyàn tìtorí ẹ̀ sanwó wọlé, bó bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olólùfẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n lè dá a dúró pé ó rú òfin.

Nígbà kan, ọmọ tí kò bá fara mọ́ èyí lè fò ó kọjá. Kevin Garnett kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí NBA ní ọdún 1995. Kobe Bryant ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1996, LeBron James sì ṣe é ní 2003. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó fò ló balẹ̀ dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ kan sì ná owó ńlá lórí ọmọ tí kò tíì gbó. Ní ọdún 2005, àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àjọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹnu kò pé, bẹ̀rẹ̀ láti ìṣàyàn ọdún 2006, ẹni tí wọ́n bá máa mú gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 19 nínú ọdún náà, ọdún kan sì gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde girama bó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ ọdún 18 di ẹni tó ń dúró nìyẹn. Níbo ni yóò dúró sí fún ọdún kan yìí? Ọ̀pọ̀ wọn lọ lo ọdún kan ṣoṣo ní yunifásítì, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn díẹ̀ kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Brandon Jennings gba ilẹ̀ Ítálì lọ ní ọdún 2008, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Róòmù fún owó, ipò kẹwàá ni Milwaukee Bucks sì ti mú un ní 2009. Líìgì kékeré NBA náà wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 8, D-League ni wọ́n sì ń pè é kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ ní G League ní 2017, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gatorade gba ìgbọ̀wọ́ rẹ̀. Latavious Williams ni ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ ti girama bọ́ sí líìgì yìí, tí NBA sì tibẹ̀ ṣà á. Ẹgbẹ́ Tulsa 66ers ló lọ ní 2009, ipò 48 ni wọ́n sì ti mú un ní 2010. Síbẹ̀, kò gbá eré NBA kankan. Yúróòpù ló ti lọ jẹun. Àwọn ọmọ tó ń wò ó kò sì rí ohun tí yóò fà wọ́n tọ̀ ọ́, nítorí pé ní àwọn ọdún yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan wà ní líìgì náà tí owó sáà wọn kò ju nǹkan bí 13,000 dọ́là lọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ìtìjú tó bá àwọn yunifásítì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú àwọn èèyàn kan, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin sì wà lára wọn, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gba owó ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fi owó fa ojú àwọn ọmọ àti ẹbí wọn mọ́ra. Owó tí wọ́n ní kò sí ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, abẹ́lẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ìgbìmọ̀ tí Condoleezza Rice ṣe olórí rẹ̀ jábọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 pé kí wọ́n fòpin sí òfin ọdún kan náà. NBA kò tíì ṣe tán láti yí òfin padà. Dípò èyí, wọ́n kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn pé àwọn yóò máa san 125,000 dọ́là fún àwọn ààyò ọmọ ọdún 18 tó bá wá sí G League. Nígbà tí owó yìí kò fa ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ mọ́ra, wọ́n dá odindi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí wọn ní ọdún 2020. Ignite ni orúkọ rẹ̀.

Jalen Green, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo yunifásítì ń wá, ló kọ́kọ́ gbà láti lọ. Ìròyìn gbé e pé owó rẹ̀ tó ìdajì mílíọ̀nù dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Yunifásítì Arizona State fún ọmọ tó bá fẹ́ kàwé. Wọ́n kó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù bíi Jarrett Jack àti Amir Johnson tì wọ́n, kí àwọn ọmọ lè rí ẹni kọ́ wọn. Ní ìṣàyàn ọdún 2021, ipò kejì ni Houston ti mú Green, ipò keje ni Golden State sì ti mú Jonathan Kuminga, ọmọ bíbí Congo. Dyson Daniels gba ipò kẹjọ ní 2022, Scoot Henderson sì gba ipò kẹta ní 2023. Bí ẹ bá wo àwọn wọ̀nyí nìkan, ẹ ó sọ pé ọ̀nà tuntun ti dára ju ti àtijọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Daishen Nix ti fọwọ́ sí i pé UCLA lòun ń lọ kó tó yí ọkàn padà sí Ignite. Kò sí ẹgbẹ́ tó mú un nínú ìṣàyàn ọdún 2021. Ó padà rọ́nà wọ Houston Rockets nípa ìforítì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìṣàyàn yẹn, ilẹ̀kùn yunifásítì ti pa mọ́ ọn, ti NBA kò sì tíì ṣí. Inú ewu yìí ni gbogbo ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ wà. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ náà kò rọrùn fún ọmọdé. Àwọn àgbàlagbà tó ń wá oúnjẹ fún ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n ń bá figa gbága. Ní sáà 2023 sí 2024, nínú eré 34, méjì péré ni Ignite borí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, NBA kéde pé sáà náà ni yóò jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló lò láyé.

Ṣé nítorí pé wọ́n ń pàdánù eré ni wọ́n fi tú u ká? Rárá o. Ohun tó pa Ignite wà lọ́dọ̀ àwọn yunifásítì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Alston, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì fohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún náà, NCAA gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó. Láàárín ọdún díẹ̀, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní yunifásítì lè rí owó tó ju ti G League lọ, yóò tún máa kàwé, wọn ó sì máa fi í hàn lórí amóhùnmáwòrán káàkiri ilẹ̀ náà. Nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó fàyè gba yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là láàárín gbogbo àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ta ni yóò tún fi èyí sílẹ̀ lọ sí ibi tí owó sáà agbábọ́ọ̀lù lásán jẹ́ 40,500 dọ́là ní ọdún tí Ignite kú?

Ohun tí èyí fi hàn wá ni pé líìgì kékeré kò fìgbà kan jẹ́ arọ́pò yunifásítì ní tòótọ́. Ahun tí àwọn yunifásítì ń ṣe ló sọ ọ́ di ọjà. Bí ènìyàn bá ní ilé ńlá tí kò fún òṣìṣẹ́ ní oúnjẹ, ìyá olóúnjẹ tó pàgọ́ sí ẹnu-ọ̀nà yóò rí oníbàárà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná nínú ilé, ìyá náà yóò kó àgọ́ rẹ̀ kúrò. Àwọn tí ìpalára náà bá jù lọ ni àwọn ọmọ tó wọ ọ̀nà náà nígbà tí òfin ń yí lọ́wọ́. Wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ọdún yẹn ṣe wí, àwọn àgbà sì yí ọjà padà mọ́ wọn lójú. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bínú sí Darlan àti Johnson pé wọ́n padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba kò nídìí kankan mọ́, nítorí pé àwọn tó wà nínú ilé náà ti ń gbowó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé G League kò wúlò. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní NBA lónìí ló ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Pascal Siakam, ọmọ Cameroon, àti Fred VanVleet ti yunifásítì dé kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù fún Raptors 905 ní líìgì kékeré, wọ́n sì wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ NBA fún Toronto ní 2019. Ẹni tó ti gbó díẹ̀, tó kù fún un kí wọ́n dán an, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń parí iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ọ́ṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ wo ẹbí Adétòkunbọ̀, tí àwọn Gíríìkì ń kọ orúkọ wọn ní Antetokounmpo. Ọmọ Yorùbá ni Charles, baba wọn, ọmọ Igbo sì ni ìyá wọn. Ìlú Athens ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ náà. Giannis kò lọ yunifásítì. Ìpele kejì líìgì ilẹ̀ Gíríìsì ló wà nígbà tí Milwaukee mú un ní ipò 15 lọ́dún 2013. Thanasis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba D-League: ó lo sáà kan pẹ̀lú Delaware 87ers, New York Knicks sì mú un ní ipò 51 lọ́dún 2014. Kostas gba Yunifásítì Dayton lọ, ipò 60, tó kẹ́yìn pátápátá, ni wọ́n sì ti mú un ní 2018. Alex, àbíkẹ́yìn, lọ sí Spéènì, lẹ́yìn náà ó gba Raptors 905. Wọn kò mú òun nínú ìṣàyàn. Kostas wà nínú ẹgbẹ́ Lakers tó gba ife ní 2020, Giannis àti Thanasis sì gba tiwọn ní 2021. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kálukú ló wo agbára àti àsìkò tirẹ̀. Kò sí ọ̀nà kan nínú wọn tí a lè sọ pé òun ló sọ Giannis di Giannis.

Ní ti àwọn ọmọ wa tó ń ti ilé lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aláàárín kì í fẹnu bà. Owó tí a ń sọ pé yunifásítì ń san yìí kò rọ ọmọ àjèjì lọ́rùn láti gbà. Ìwé ìrìnnà akẹ́kọ̀ọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún wọn dí iṣẹ́ owó mọ́ wọn, àyàfi ìwọ̀nba tí òfin là sílẹ̀. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo, ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní ọdún 2022. Síbẹ̀, ìgbà tí ẹgbẹ́ Yunifásítì Kentucky rìnrìn-àjò lọ sí erékùṣù Bahamas ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ló tó lè ṣe iṣẹ́ ìpolówó, nítorí pé wọn kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí líìgì kékeré ti ń dòfo lójú ọmọ Amẹ́ríkà, ó ṣì ní ìwúlò kan fún ọmọ àjèjì: ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ń bá a wá, owó tó bá sì gbà jẹ́ tirẹ̀ lójú òfin.

Ọ̀rọ̀ James Nnaji, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Makurdi, tún là wá lójú sí i. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona, ipò 31 ni NBA sì ti mú un ní 2023, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn NBA rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Yunifásítì Baylor gbà á wọlé. Ariwo sọ. Àwọn àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá bíi John Calipari àti Tom Izzo fi ẹ̀hónú hàn. Charlie Baker, ààrẹ NCAA, sì kéde pé àwọn kò ní gba ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn NBA. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ibi tí ààlà wà báyìí jẹ́ ìfọwọ́sí kan ṣoṣo lórí ìwé kan ṣoṣo. Ọmọ ogún ọdún tó bá kánjú fọwọ́ sí i lónìí lè ti ilẹ̀kùn tí yóò fẹ́ gbà lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Yunifásítì tó ń díje ní ìpele àkọ́kọ́ lé ní 350. Bí a bá ka ọmọ 13 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ju 4,500 lọ. Nǹkan bí ọgọ́ta péré ni NBA ń ṣà lọ́dún, àwọn tó ń ti Yúróòpù àti ibòmíràn wá sì wà nínú iye yẹn. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun títí ọjọ́ ogbó. Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òbí tí aláàárín bá wá bá nípa ọmọ rẹ̀, kó má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Kó béèrè irú ìwé ìrìnnà tí ọmọ yóò fi wọlé. Kó béèrè ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí orúnkún ọmọ bá yẹ̀. Kó béèrè bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń sọ wà nínú àkọsílẹ̀, àti iye ọdún tí ìlérí náà yóò fi wà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá parí. Kó sì béèrè ilẹ̀kùn tí ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí yóò tì.

Bóyá líìgì kékeré ni wọ́n dárúkọ tàbí yunifásítì, àwọn ìbéèrè mẹ́rin yìí kò yí padà. Òfin tó wà ní 2005 kọ́ ló wà ní 2021, ti 2021 kọ́ ló sì wà ní 2025. Yóò tún yí. Ọmọ ni kì í ní ọdún méjì láti fi ṣòfò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ojúṣe àwa òbí sì ni láti ka ìwé náà dé ìdí kí ọmọ tó mú gègé.